Ẹ̀wà Abolẹ̀ ní Oko Ìlá: Kí Ni Ká Sanwó Fún?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àgbẹ̀ tó bá gbin oríṣiríṣi irúgbìn abolẹ̀ kí òtútù má bàa bá oko rẹ̀ níhòòhò, ìjọba ń san £129 fún un lórí hẹ́kítà kan lọ́dún. Bó bá gbin ọ̀gbìn kejì sábẹ́ èyí tó fẹ́ tà, £55 ni tiẹ̀. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ pátápátá fún ìdílé ẹ̀wà kí ilẹ̀ lè sinmi, £593. Sustainable Farming Incentive ni wọ́n pe ètò náà. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2025, nígbà tí ìjọba kàn kéde pé owó tí àwọn yà sọ́tọ̀ ti tán, àwọn ò gba orúkọ tuntun mọ́. Àwọn tó ti ń múra àtikọ orúkọ sílẹ̀ figbe ta, ariwo náà kò sì rọlẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀ Ìlá-Ọ̀ràngún tó bá gbọ́ ìtàn yìí, ẹ̀rín ni yóò rín. Láti ayé àwọn bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀gúsí sábẹ́ iṣu, tí wọ́n ń gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, tí wọ́n ń fi òtìlì pààlà oko, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní kọ́bọ̀ nítorí pé wọ́n bo ilẹ̀. Owó ìjọba tó bá máa dé ọ̀dọ̀ wọn, inú àpò ajílẹ̀ òyìnbó ló ń gbà wá. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni pé bí ètò kan bá wá fẹ́ máa náwó sórí ìbòlẹ̀ ní Ọ̀ṣun Ìgbómìnà, kí gan-an ni kó náwó náà lé lórí? N kò ní fi èrò tèmi pamọ́. Kó má sanwó ewé. Kó sanwó irúgbìn, kó wá ẹni tí yóò ra èso, kó sì bá àgbẹ̀ wá àdéhùn ilẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn láyé òyìnbó, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin lẹ́yìn ọdún 1987, ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ìlá wà níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Kòkó àti obì ṣì ń ṣe dáadáa níbi tí ilẹ̀ bá ti rin. Níbòmíràn, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ni oko. Òjò àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹta, ó ń rọ̀ títí di oṣù keje. Ó máa ń sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Àrọ̀kúrò á wá gbà á títí di ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ẹ̀ẹ̀rùn ló kù. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni ilẹ̀ tí a kò bò ń jìyà: oòrùn ń yan án, iná igbó ń jó ìdọ̀tí orí rẹ̀, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá sì dé pẹ̀lú ìjì, erùpẹ̀ òkè ni yóò kọ́kọ́ wọ́ lọ sódò.

Tẹ́lẹ̀, igbó fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ tí a ń wá abolẹ̀ fún báyìí. Ẹni tó bá ro oko fún ọdún mẹ́ta á fi í sílẹ̀ fún mẹ́wàá. Igi á hù padà, ewé á wọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ á dúdú. Ènìyàn ti pọ̀ sí i báyìí, ilẹ̀ ìdílé ti pín sí wẹ́wẹ́, ilẹ̀ tó bá sì rí ọdún méjì tàbí mẹ́ta sinmi ti rí ojú rere. Ewéko kan tó wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1940 ló bá wa dín ìyà náà kù, òun náà tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀. (Ó dá lórí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ wà.) Àwọn onímọ̀ kórìíra rẹ̀ nítorí pé ó ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ewéko ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ tí Akíntọ́lá bò fún ọdún méjì rọrùn láti kọ ebè sí, erùpẹ̀ rẹ̀ á sì ti rọ̀.

Ọ̀tá gidi ni koríko ẹ̀kan. Abẹ́ ilẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Egbò rẹ̀ funfun, ó ṣóńṣó lẹ́nu débi pé ó lè gún iṣu já. Bí ọkọ́ bá gé e sí mẹ́wàá, mẹ́wàá ni yóò hù. Bí iná bá jó orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ó ti yọ tútù. Oko tí ẹ̀kan bá ti gbà, àgbẹ̀ a máa fi í sílẹ̀ lọ wá òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀kan yìí sọ́kàn, nítorí òun ló ṣí ilẹ̀kùn fún abolẹ̀ ní Benin, kì í ṣe ìwàásù nípa ọ̀rá ilẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ti Ìbàdàn. Ní Moor Plantation, láti ọdún 1922 lọ, àwọn òyìnbó ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í dán mucuna wò. Ìbátan yèrèpè inú igbó wa ni, àmọ́ èyí tí kò ní irun tó ń yúnni lára. Wọ́n ń gbìn ín, wọ́n sì ń ro ó mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì tútù kó lè jẹrà fún àgbàdo tó ń bọ̀. O. T. Faulkner tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà àti J. R. Mackie gbé ọ̀rọ̀ irú ajílẹ̀ tútù bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n jọ kọ ní 1933, *West African Agriculture*. Ní 1953, H. Vine kó èsì ìdánwò náà jáde láti 1922 títí dé 1951. Lórí ilẹ̀ ìdánwò, nǹkan náà ṣiṣẹ́: ilẹ̀ tó ń rí mucuna déédéé ń mú àgbàdo wá lọ́dọọdún láìjẹ́ pé wọ́n fi í sílẹ̀ di igbó.

Àwọn àgbẹ̀ ò gbà á. Ta ni yóò bá wọn wí? Wọ́n ní kí ẹni tí igbó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ fi ọkọ́ ọwọ́ ro ewé tútù mọ́lẹ̀ nínú òjò, kó lo òógùn rẹ̀ sórí ohun tí kò ní jẹ, tí kò sì ní tà, kó lè rí ohun tí igbó ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba kò bi í léèrè ohun tó ń dùn ún. Ilẹ̀ kọ́ ló wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ àtiṣiṣẹ́ ni.

Ó tó ọgọ́ta ọdún kí mucuna kan náà tó padà wá, lọ́nà mìíràn, sí Mono ní gúúsù Benin. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti há, ẹ̀kan sì ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 1987, àwọn olùwádìí orílẹ̀-èdè náà pẹ̀lú àwọn ti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi mucuna han àgbẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní yóò jí ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ gbìn ín, wọ́n wò ó, wọ́n rí ohun tí àwọn olùwádìí ò tilẹ̀ fi ṣe àkọ́sọ: mucuna pa ẹ̀kan. Ó gùn ún lórí, ó ṣíji bò ó, ẹ̀kan tí kò sì lè gbé láìsí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìròyìn náà tàn láti ẹnu dé ẹnu. Nígbà tí ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀ kan, Sasakawa Global 2000, gbé e sọ́rùn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó tàn ká orílẹ̀-èdè náà. Ní 1996, nǹkan bí 10,000 àgbẹ̀ ló ti gbìn ín.

Ó yẹ kí àwọn tó fẹ́ràn ìtàn yìí máa sọ ọ́ dé òpin. Sasakawa ń ra irúgbìn mucuna lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kó lè pín in fún àwọn tuntun. Owó irúgbìn yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ń gbìn ín fún. Nígbà tí ríra dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ jáwọ́. Hóró mucuna kì í ṣe oúnjẹ tí ènìyàn lè sè jẹ bí ẹ̀wà lásán, nítorí L-Dopa wà nínú rẹ̀, èròjà kan náà tí dókítà ń fún àwọn tó ní àrùn Parkinson. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n sè é tí wọ́n da omi rẹ̀ nù léraléra, inú rẹ̀ á rú. Bákan náà, mucuna ń gba òjò àrọ̀kúrò tí àgbẹ̀ ìbá fi gbin àgbàdo kejì tàbí ẹ̀wà. Àwọn kan tún ní ejò ń sá sí abẹ́ rẹ̀, èmi ò sì rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Àwọn tó dì í mú ni àwọn tí ẹ̀kan ti fẹ́ lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Ìyẹn ni pé èrè ilẹ̀ nìkan kò tó. Owó tàbí ìdẹ̀rùn ọkọ́ ló ń mú àgbẹ̀ dúró.

Bí ẹnikẹ́ni ní Ìlá bá fẹ́ dán an wò lórí ilẹ̀ tí ẹ̀kan gbà, ohun tí Benin kọ́ wa nípa àsìkò ṣe pàtàkì ju iye irúgbìn lọ. Kó má gbin mucuna pẹ̀lú àgbàdo lọ́jọ́ kan náà, nítorí yóò gun àgbàdo, yóò wó o lulẹ̀. Kó dúró kí àgbàdo pé nǹkan bí ọjọ́ 40 sí 45 kó tó gbìn ín sáàárín póró. Nígbà tí wọ́n bá fi máa já àgbàdo, mucuna ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ mú ilẹ̀ ni. Òjò ìyókù á wá jẹ́ tiẹ̀. Ó máa kú fúnra rẹ̀ nígbà ọyẹ́, ewé rẹ̀ á gbẹ síbẹ̀, tó bá sì gbilẹ̀ dáadáa, tọ́ọ̀nù 5 sí 10 ewé gbígbẹ ló lè wà lórí hẹ́kítà kan. Kò sí pé à ń ro ó mọ́lẹ̀. Àárín ewé yẹn ni wọ́n á ti gbẹ́ ihò àgbàdo ọdún kejì. Ibi tí àwọn ará Moor Plantation ti ṣìnà gan-an nìyẹn.

Ìdánwò kẹta kò ní gba àkókò wa púpọ̀. IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ètò kan kiri tí B. T. Kang jẹ́ aṣáájú rẹ̀: gbin igi ìdílé ẹ̀wà, pàápàá leucaena àti àgúnmánìyè, ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, gbin àgbàdo sáàárín, máa gé igi náà kí ewé rẹ̀ di ajílẹ̀. Ó dára lórí ìwé. Ní oko, ẹni tí kò bá ráyè gé igi náà lásìkò, igi á ṣíji bo àgbàdo rẹ̀. Àwọn tí ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dán an wò, nítorí ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá gbin igi ti fẹ́ gba ilẹ̀. Ohun tó kù nínú rẹ̀ lónìí ni àgúnmánìyè tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi ṣe òpó iṣu kí IITA tó dé, àti ewé tí àwọn kan ń já fún ewúrẹ́.

Nígbà náà, kí ló wà nílẹ̀ ní Ìlá fúnra rẹ̀?

Ẹ̀gúsí ló jọ mí lójú jù, kò sì sí nínú ìdílé ẹ̀wà rárá. Nígbà tí wọ́n bá ti kọ ebè iṣu tán tí òjò sì ti mú ilẹ̀ rin, wọ́n á gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ebè àti sáàárín wọn. Láàárín oṣù kan, ó ti ràkòrò bo póró. Koríko tó bá fẹ́ hù kò ríran. Ọwọ́ iṣu ṣì wà lórí òpó, kò bá ẹ̀gúsí jà. Nígbà tí ẹ̀gúsí bá máa fi kú, tí bàrà rẹ̀ wà nílẹ̀ tí wọ́n ń kó o jọ fún fífọ́, ewé iṣu ti pọ̀ tó láti ṣíji fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gba àgbẹ̀ lọ́wọ́ ríro kan, nígbà mìíràn méjì, àwọn obìnrin sì ń rí owó nínú rẹ̀ kí iṣu tó ta. Ètò tó bá kọ̀ láti ka ẹ̀gúsí mọ́ abolẹ̀ nítorí pé kò ní kókó lára gbòǹgbò, ó ń ṣe ìwé ni, kò ṣe oko.

Kókó tí mo ń wí yìí, ẹnikẹ́ni lè wò ó. Nígbà tí ẹ̀wà bá pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà, tó ń múra àtitanná, kí ènìyàn fi ọkọ́ wú ìdí kan pẹ̀lú erùpẹ̀ rẹ̀. Kó má fà á tu, nítorí ohun tó ń wá á já sínú ilẹ̀. Kó rì í sínú korobá omi, kó rọra mi í. Yóò rí kókó kéékèèké bí hóró ọkà bàbà lára gbòǹgbò. Kó fi èékánná bẹ́ díẹ̀ nínú wọn. Èyí tí inú rẹ̀ pọ́n ń ṣiṣẹ́: àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní rhizobium, wà nínú rẹ̀, wọ́n ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń fún ẹ̀wà, ẹ̀wà sì ń fún wọn ní oúnjẹ. Bí inú rẹ̀ bá funfun, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí kò wúlò. Bó bá ti di àwọ̀ ewé, ó ti parí tirẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kéde ẹ̀wà jà. Wọ́n á ní ẹ̀wà ń bọ́ ilẹ̀. Ara rẹ̀ ni ẹ̀wà ń bọ́. Púpọ̀ nínú náítírójìn tó bá rí, inú hóró ló ń kó o lọ, hóró náà sì ń bá wa lọ sí ìkòkò. Bí a bá tún fa igi rẹ̀ tu, tí a kó o fún ewúrẹ́, ohun tó kù fún ilẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ jàǹfààní, kó ká èso, kó gé igi nílẹ̀, kó fi gbòǹgbò àti ewé sílẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí kò ná ẹnikẹ́ni lówó, òun ni mo sì rò pé ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ADP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀, máa kọ́kọ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ sí i. Àpò NPK 15-15-15 tó jẹ́ kílò 50, kílò 7.5 náítírójìn ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fún hẹ́kítà àgbàdo kan ní kílò 60, àpò mẹ́jọ ni yóò rà. Bó bá jẹ́ yúríà, àpò kan ní kílò 23, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò mẹ́ta. Àgbẹ̀ wo ní Ìlá ló ń ra àpò mẹ́jọ sórí hẹ́kítà kan? Méjì ni ọ̀pọ̀ ń dá sí i, a sì máa ń dúpẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìdajì kílò náítírójìn tí ẹ̀wà bá fi sílẹ̀ fi ní ìtumọ̀ níbí ju bó ṣe ní lọ́dọ̀ àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ajílẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ìdílé ẹ̀wà tí a mọ̀, òtìlì ni èmi ì bá fi owó mi lé lórí. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbin àgbàdo àkọ́rọ̀ náà ni wọ́n lè gbìn ín, nítorí ó ń lọ́ra dàgbà ní ìbẹ̀rẹ̀, kì í bá àgbàdo dù. Nígbà tí àgbàdo bá kúrò, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. Gbòǹgbò rẹ̀ jinlẹ̀, ó ń fa ohun tí gbòǹgbò àgbàdo kò dé, ó sì lè dúró nínú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí gbogbo ohun mìíràn ti gbẹ. Ewé rẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ó tún ń so èso jíjẹ, èyí tí mucuna kò lè sọ. Àléébù rẹ̀ wà níbi ààrò: ó ń pẹ́ jinná. Pẹ̀lú owó igi ìdáná àti gáàsì, ìyàwó ilé òde òní á ra ọlọ́yìn kó tó ra òtìlì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé òtìlì ga ní Ìgbómìnà, kó má gba oko lọ nìkan. Kó gba ilé ìdáná lọ, níbi tí a ti lè bó o, ká lọ̀ ọ́ ní ìyẹ̀fun.

Ẹ̀wà jíjẹ ní tirẹ̀ ní kòkòrò. Ifẹ̀ Brown, tí Yunifásítì Ifẹ̀ mú jáde, ṣì ń ṣe dáadáa nínú òjò àrọ̀kúrò, ṣùgbọ́n láìsí oògùn, kòkòrò tó ń lu èèpo á jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀tun tó dé ni SAMPEA 20-T láti Zaria, tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2019, tí kòkòrò yẹn kò lè jẹ. Ìjà lórí pé wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà ń lọ, n kò ní wọ ìyẹn níbí. Ní ti sóyà, IITA ti ṣe oríṣi tí wọ́n ń pè ní TGx tó ń bá rhizobium ilẹ̀ wa ṣọ̀rẹ́ láìsí àfikún, wọ́n sì ń ṣe rhizobium inú àpò tó ń jẹ́ NoduMax ní Ìbàdàn fún ẹni tó bá fẹ́ fi kún un. Sóyà ní ọjà, nítorí àwọn oníṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ. Àmọ́ oko rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kì í sì í bo ilẹ̀ pẹ́. Ẹ̀pà náà, wíwú ni wọ́n ń wú u, ilẹ̀ a sì tún ṣí sílẹ̀. Pòpòndó àti ẹ̀pà-ròro, ọwọ́ àwọn ìyá àgbà ni irúgbìn wọn kù sí.

Ohun tó ń bá gbogbo wọn figagbága kì í ṣe ọkọ́ mọ́, kẹ́míkà ni. Owó lébìrà ti ga, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìlú, àáró ti di ìtàn níbi púpọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́míkà tó ń pa ẹ̀kan dé egbò lọ́wọ́ á rí oko mímọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mucuna nílò ọdún kan, nígbà mìíràn méjì. Ká má tan ara wa: ìdíje náà kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ń há. NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, fòfin de apakoríko paraquat láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún atrazine láti ọjọ́ kìíní ọdún 2025. Àgbẹ̀ tó ń lo méjèèjì nínú oko àgbàdo nílò ohun mìíràn, àkókò yìí sì ni ẹni tó ní abolẹ̀ láti gbé kalẹ̀ yẹ kó sọ̀rọ̀.

Iná àti màálù tún wà. Ewé mucuna gbígbẹ nínú oṣù kìíní, ìṣáná ọdẹ kan ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí abolẹ̀ rẹ̀ dé ìgbà òjò gbọ́dọ̀ la ọ̀nà iná yí oko ká, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Òtìlì tó tútù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, màálù á ti rí i láti òkèèrè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ 17 ní gúúsù fẹnu kò ní Àsàbà pé kí dída ẹran kiri dópin. Ẹni tó ní oko lẹ́yìn ìlú mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà ọyẹ́.

Ààlà wá sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun àrà. Ọmọ ìyá ni ará Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà ní Ọ̀ṣun pẹ̀lú àwọn ará Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òró ní Kwara. Nígbà tí Bánkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 700 dọ́là fún ACReSAL ní oṣù kejìlá ọdún 2021, láti tún ilẹ̀ tó ti ṣá ṣe, ìpínlẹ̀ 19 ti Àríwá àti Àbújá ni wọ́n kọ. Kwara wà nínú wọn. Nítorí náà, Ìgbómìnà ti Kwara wọlé, ti Ọ̀ṣun wà lóde, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kan kan náà ló ń dà wọ́n láàmú. N kò bínú sí Kwara. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ará Ọ̀ṣun ṣe ni kí wọ́n máa wo ohun tí owó yẹn bá ṣe níbẹ̀, kí wọ́n má sì kó àṣìṣe rẹ̀ wá.

Àṣìṣe tó rọrùn jù láti kó ni sísan owó lórí hẹ́kítà bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò wọn oko? Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ ní ọ́fíìsì ni hẹ́kítà rẹ̀ á pọ̀. Kí owó náà kọ́kọ́ lọ sí irúgbìn. Irúgbìn àgbàdo wà nínú ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù. Ti òtìlì, ẹ lọ bẹ màmá kan kó bù fún yín nínú kèrègbè. Kí àwọn obìnrin tó ní irúgbìn yìí di ẹni tí ètò ń rà á lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, ọjà. Ìjọba Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2012 lábẹ́ O'Meals, ẹ̀wà sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ wọn. Bí apá kan nínú ẹ̀wà yẹn bá ti oko abolẹ̀ ní Ìlá àti Ifẹ́dayọ̀ wá, kò ní sẹ́ni tí yóò tún wàásù fún àgbẹ̀. Sasakawa ra irúgbìn láti tún gbìn ni. Èyí, ẹnu ọmọ ni yóò máa rà á lọ́dọọdún.

Èyí tó le jù ni ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sọ pé ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ wà. Ní oko, ọwọ́ olórí ẹbí ló wà. Ọ̀pọ̀ tó ń ro oko lágbègbè yìí gba ilẹ̀ fún ọdún kan ni, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ tàbí owó, wọn ò sì mọ̀ bóyá wọ́n á tún gbà á lọ́dún tó ń bọ̀. Bí òṣìṣẹ́ ADP bá ní, "Bàbá, ẹ gbin èyí, ilẹ̀ yín á dára lọ́dún kejì," bàbá á dáhùn pé, "Ọmọ mi, lọ sọ fún ẹni tó ni ín." Bó bá sì gbìn ín, tí ilẹ̀ dára, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà á padà nítorí pé ó ti dára. Ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta láàárín olórí ẹbí àti ẹni tó gba ilẹ̀ ro ni yóò yí i padà, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé abolẹ̀ kì í ṣe igi, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀, kí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Owó bébà, owó òǹtẹ̀ àti owó ọkọ̀ akọ̀wé dé abúlé, èmi ò rò pé ó ju ti àpò ajílẹ̀ kan lọ.